Lẹ́tà Ṣíṣí sí Surveyor-General Ìjọba Àpapọ̀: Ẹ Bá Wa Tún Àwọn Òkè Wa Tò

Sí Surveyor-General ti Ìjọba Àpapọ̀ àti gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yín ní Àbújá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó wà lábẹ́ yín, àwọn tó ń gbé irinṣẹ́ léjìká wọ igbó tí ẹlòmíràn kò jẹ́ wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹ bá wa tún àwọn òkè ilẹ̀ yìí tò. Ẹ má fi bí wọ́n ṣe ga sí ojú òkun nìkan tò wọ́n. Ẹ fi bí òkè kọ̀ọ̀kan ṣe yọ gedegbe láàárín àwọn yòókù tò wọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ tí àwọn tó ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ, ó ti wà nílẹ̀. Orúkọ tí kò ní nọ́ńbà, ó pọ̀ jáǹtìrẹrẹ lẹ́nu àwọn àgbà wa. Méjèèjì pa pọ̀ ni a kò ní, ọ́fíìsì yín ni mo sì mọ̀ tó lè so wọ́n pọ̀ tí gbogbo ìlú á gbà á.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe jọ́gíráfì ní WAEC gbọ́dọ̀ bá ìbéèrè máàpù pàdé, nítorí náà ìgbà gbogbo ni à ń fi ìka tọ ìlà kọ́ńtúọ̀, ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀ lórí máàpù, ní kíláàsì wa. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i pé ohun tí à ń kọ́ wọn nípa gíga òkè kò bá ohun tí ojú wọn ń rí mu. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó jí ní òwúrọ̀ tó rí Olósùnta, tó yíjú tó rí Òròlé, mọ ohun tí òkè jẹ́. Ó wá ṣí ìwé, ìwé ní kó máa ka gíga láti ojú òkun, òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú kàn rí.

Ẹ wo bí ìwọ̀n ojú òkun yìí ṣe ń ṣini lọ́nà tó bá jẹ́ òun nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú Jos wà lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200. Àwọn ìwé ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ ní Òkè Ìdànrè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000, èyí tí kò tó mítà 1,000. Ẹni tó ń ra tòmátì ní ọjà Jos ti ga ju ẹni tó làágùn dé ṣóńṣó Òkè Orósùn lọ nìyẹn. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn Ìdànrè rí, tó bojú wẹ̀yìn tó rí ìlú tó ti kéré nísàlẹ̀, mọ̀ pé ìṣirò yẹn kò dáhùn ìbéèrè tí òun ní lọ́kàn.

Olúmọ̀ ńkọ́? Mítà 137 sí ojú òkun ni wọ́n máa ń kọ fún un. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ti ga kí ènìyàn tó dé ẹsẹ̀ àpáta, a sì ń ka gíga ilẹ̀ ìlú mọ́ gíga àpáta. Àpáta Zuma tó wà lẹ́yìn owó náírà 100 ni ti tirẹ̀ tún le jù. Mo ti rí mítà 725 fún un níbì kan, mo ti rí 300 níbòmíràn, ọ̀pọ̀ tó sì ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí kò sọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àpáta tó wà lórí owó orílẹ̀-èdè, tí gbogbo wa ń ná lọ́jà, kò yẹ kó ní gíga méjì.

Ọ̀nà tí mo ní kí ẹ gbà tò wọ́n kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ dúró lórí òkè kan. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ lè gbà dé orí òkè mìíràn tó ga jù ú lọ, bó wù kí ọ̀nà náà yí ká títí, kó ṣáà jẹ́ èyí tí ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀ lójú rẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn ni mo ń pè ní ọrùn òkè. Iye mítà tó wà láti ọrùn yẹn dé ṣóńṣó tí ẹ dúró lé ni ìyọrí òkè náà. Òkè tó kàn jẹ́ èjìká òkè ńlá mìíràn, ìyọrí rẹ̀ kò ní ju mítà díẹ̀ lọ, bó ti wù kó jìnnà sókè sí òkun tó. Èyí tó dá dúró, tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yí i ká, ìyọrí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo gíga rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí. Kilimanjaro ga ní mítà 5,895, ìyọrí rẹ̀ sì jẹ́ 5,885, nítorí pé kò sí òkè tó ga jù ú lọ ní Áfíríkà: ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti orí rẹ̀ lọ sí òkè tó ga jù ú lọ gbọ́dọ̀ gba Suez ní Íjíbítì kọjá, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba.

Kì í ṣe èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. Ní 1891, Sir Hugh Munro tẹ àtòjọ àwọn òkè Skọ́tíláńdì tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 jáde. Títí di òní ni àwọn tó fẹ́ràn láti máa gun òkè ń lé àtòjọ náà kiri; 282 ni òkè tó wà lórí rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Munro kò fi òfin kan pàtó lélẹ̀ tó máa sọ bí òkè kan ṣe gbọ́dọ̀ dá dúró tó kó tó di òkè lọ́tọ̀. Alan Dawson ló wá jókòó ti máàpù Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Bírítéènì, tó ń tọ ìlà kọ́ńtúọ̀ òkè lẹ́yìn òkè káàkiri gbogbo Bírítéènì, tó sì gbé àtòjọ mìíràn jáde ní 1992. Òfin tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òkè tí ìyọrí rẹ̀ bá pé mítà 150, kó wọlé, ì báà ga, ì báà kúrú. Cairn Gorm, tó ga ní mítà 1,245, tí odindi agbègbè òkè tó yí i ká ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò wọlé, nítorí ìyọrí rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé. Leith Hill tó wà ní Surrey ní gúúsù London, tí kò ga ju mítà 294 lọ, wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London lè lọ gùn ún ní àárọ̀ kí wọ́n sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹnikẹ́ni kò yọ Cairn Gorm kúrò lórí àtòjọ Munro torí èyí. Àtòjọ méjèèjì jọ wà ni, ọ̀kan ń sọ èyí tó ga, èkejì ń sọ èyí tó yọ. Ohun tí mo fẹ́ fún ilẹ̀ wa náà nìyẹn: kí ti ojú òkun má parẹ́, ṣùgbọ́n kó má dá nìkan sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí máàpù tiyín. Lórí ọ̀pọ̀ nínú máàpù 1:50,000 wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà láàárín ìlà kọ́ńtúọ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ká ní òruka tó kẹ́yìn lórí òkè kan jẹ́ 1,950. Ṣóńṣó òkè náà lè jẹ́ 1,951, ó sì lè jẹ́ 1,999. Ká ní ọrùn rẹ̀ bọ́ sí àárín ìlà 1,500 àti 1,550. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra á ní ìyọrí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 400 ni. Ẹni tó bá láwọ́ á ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 500. Ẹsẹ̀ bàtà 400 jẹ́ mítà 122, ẹsẹ̀ bàtà 500 jẹ́ mítà 152. Tí a bá fi mítà 150 ṣe ààlà, òkè yìí lè wọlé, ó sì lè má wọlé, orí máàpù kan náà la sì ti kà á. Ibi tí máàpù kíkà lásán máa ń mú wa dé nìyí, tó sì máa fi wá sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnì kan á ní sátẹ́láìtì ti wà, kí ló tún kù? Lóòótọ́, ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ gbangba òfurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà lo ọjọ́ 11 lójú sánmà, ó ń fi rédà wọn gíga ilẹ̀. Láti 2014 ni wọ́n ti tú ìwọ̀n náà, tó ń mú ilẹ̀ ní mítà 30 mítà 30, sílẹ̀ fún Áfíríkà, ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà sì lè wà á sọ̀ kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2017, Andrew Kirmse àti Jonathan de Ferranti fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣírò ìyọrí àwọn òkè gbogbo ayé, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méje ṣóńṣó. Òkè tiwa wà nínú rẹ̀. Àpáta tí a bí wa sí abẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni, kò lórúkọ.

Àìlórúkọ wọn dùn mí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wò. Ìwọ̀n rédà yìí pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké onímítà 30, igun kọ̀ọ̀kan sì ń gba nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn òkè wa ní Ìdànrè, Ìkẹ́rẹ́ àti Àdó Àwáyè kì í ṣe òkè tó rọra ń ga. Àpáta tó dìde lójijì ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ wọn dà bí ògiri. Igun tó bọ́ sórí ṣóńṣó wọn, apá kan rẹ̀ ti lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun, nọ́ńbà tó máa jáde á sì lọ sílẹ̀. Ẹ wá wo ọrùn òkè náà. Igbó ló máa ń wà níbẹ̀, tàbí oko kòkó, ewé igi ni rédà sì ń bá pàdé kó tó kan ilẹ̀. Nọ́ńbà tibẹ̀ á lọ sókè. Orí ti lọ sílẹ̀, ọrùn ti lọ sókè: àṣìṣe méjèèjì ló ń jẹ ìyọrí kù. Kì í ṣe pé ọ̀kan ń tún èkejì ṣe. Irú òkè tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń yangàn gan-an, àpáta tó hó lórí tí igbó yí ní ẹsẹ̀, ni ẹ̀rọ yìí ń kà ní kékeré jù. Òkè oníkoríko tó rọra dàgbà ní ilẹ̀ mìíràn kò jìyà bẹ́ẹ̀. Tí a bá wá lọ da àtòjọ wa kọ látinú kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn, a ti fọwọ́ ara wa rẹ́ òkè wa jẹ.

Òdìkejì rẹ̀ wà ní Ẹ̀fọ̀n. Òkè tó na gbọọrọ láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè gba òkè Ẹrin Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń wó wálẹ̀, ní ṣóńṣó lórí ṣóńṣó, ọ̀pọ̀ wọn sì ga dáadáa sí ojú òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìn lórí ẹ̀yìn òkè yẹn kì í sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Nínú àtòjọ ìyọrí, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn di òkè díẹ̀, nígbà tí Ìdànrè tó ń kó àpáta jọ bí àwùjọ àgbà á máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ iye tó máa jẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìwé tó máa sọ fún wa kò sí.

Ní ti orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi kún un níkẹyìn. Ṣakí ní Àsabàrí, Ìgbétì ní Ìyámọ̀pó àti Àgbélé, Ìbàdàn ní Òkè Bádàn àti Òkè Àrẹ̀ tí ilé ìṣọ́ Bower wà lórí rẹ̀ láti 1936. Àwọn wọ̀nyí lókìkí, wọn kò lè sọnù kíá. Àwọn tí mò ń bẹ̀rù fún ni àwọn òkè àárín oko, tí ọdẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló mọ orúkọ wọn, tí àbúlé ọ̀tún ń pè ní nǹkan kan tí àbúlé òsì sì ń pè ní òmíràn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Kí akọ̀wé tó bá lọ bá wọn jókòó, kó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà, kó sì ka ohun tó kọ padà sétí ẹni tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kíka òkè yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Benin, àwọn ìbátan wa ará Ìdáàṣà ń gbé ní ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú òkè 41. Iye yẹn ní ìtàn àti ọ̀wọ̀ tirẹ̀, èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ jà á. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbé ẹni mẹ́wàá sórí òkè kan níbẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n ka àwọn yòókù, wọn kò ní ka iye kan náà, torí olúkúlùkù ló máa pinnu fúnra rẹ̀ ibi tí òkè kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Benin yìí kan náà ni wọ́n ti ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé Òkè Sokbaro, mítà 658, ló ga jù ní orílẹ̀-èdè wọn, kí ìwọ̀n rédà tó tọ́ka sí ibòmíràn ní àgbègbè Atakora. Ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa rí iṣẹ́ tiwa kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí. Àwọn kúárì ń fọ́ àpáta ní ẹkùn wa, lọ́sàn-án lóru. Ilé ń fẹ́ òkúta, ọ̀nà títì ń fẹ́ òkúta, n kò sọ pé kí wọ́n má fọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n òkè tí kò sí lórí àtòjọ kankan, tí a kò mọ gíga rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí dínámáìtì àkọ́kọ́ dún, ta ni ó máa lè sọ lọ́dún mẹ́wàá sí i pé mítà báyìí ni wọ́n ti gé lórí rẹ̀? Ìlú tó bá ní nọ́ńbà lọ́wọ́ lè lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní, àlọ́ ni wọ́n á ní ó ń pa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè bi yín pé nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, òkè ni ẹ fẹ́ máa wọ̀n? Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá a lóhùn pé ọrùn òkè tí mò ń sọ yìí ni ọ̀nà mọ́tò máa ń gbà kọjá tí owó ọ̀nà kò bá pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni omi òjò ti ń pínyà, èyí lọ sí odò kan, èyí lọ sí òmíràn. Òpó tẹlifóònù ń wá ṣóńṣó tó yọ, kò wá èyí tó kàn ga sí òkun lásán. Àtòjọ tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún máa wúlò fún ẹni tó ń ṣe ọ̀nà kó tó wúlò fún èmi olùkọ́.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ jù fún agbára yín. Ẹ mú máàpù mẹ́ta: Iléṣà 243, Adó Èkìtì 244 àti Àkúrẹ́ 264, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n wà níbẹ̀, Ìdànrè wà níbẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ bọ́ sí etí ibi tí Adó àti Àkúrẹ́ ti pàdé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ máàpù méjèèjì papọ̀ kí wọ́n tó ka Olósùnta, kí ìlà máàpù kan bá ti èkejì mu. Kí àwọn tó mọ máàpù kà kọ́kọ́ tọ kọ́ńtúọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n fi ìwọ̀n rédà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ya àwọn òkè tó bọ́ sí etí ààlà sọ́tọ̀. Àwọn yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ dé, orí àti ọrùn, pẹ̀lú GPS àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ẹ so mọ́ àwọn ìbùdó NIGNET yín, àwọn ìbùdó GPS tó dúró sójú kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ti ààlà, mítà 150 fún ipò kìíní, 100 fún ìkejì, 30 fún ìkẹta, kí àwọn àpáta kéékèèké tó ti gba ìlú là lójú ogun má bàa ṣubú pátápátá. Olúmọ̀ fi ara pa àwọn Ẹ̀gbá mọ́ ní 1830. Kò yẹ kí àtòjọ wa máà ní àyè tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn òkè kan wà tí ènìyàn kì í kàn dédé gùn. Olósùnta ní ọdún tirẹ̀, ó ní àwòrò tirẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ yín kọ́kọ́ dé ààfin, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n má gun orí, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀ níbi méjì kí wọ́n fi irinṣẹ́ wọn wò ó láti òkèèrè. Ẹ mọ̀ ju mi lọ pé nọ́ńbà tó máa jáde kò ní burú.

Ọwọ́ kò sì wọ́n yín. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1908, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó nílò iṣẹ́ tí wọ́n máa fi dánra wò. Ilé ẹ̀kọ́ AFRIGIST, tó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní ìmọ̀ máàpù àti ìwọ̀n ilẹ̀, wà ní Ifẹ̀. Ní ti àwa olùkọ́ jọ́gíráfì, a ní ọmọ ní gbogbo ìlú tí òkè wà, ọmọ wọ̀nyí sì ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà tó mọ orúkọ. Tí ẹ bá lè fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́, tí àyè wà lórí rẹ̀ fún orúkọ òkè, orúkọ kejì, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tó sọ ọ́, a máa kún un fún yín kí ìsinmi ìparí sáà tó dé. Ní ti Ìkẹ́rẹ́ àti àyíká rẹ̀, mo ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ tèmi ní ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù náà bá dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ jọ́gíráfì kan,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì